Obata Tsuyako àti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Onílẹ́tà

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Tsuyako nígbà tó kọ́kọ́ wọ yàrá àwọn ayabátánì ní ilé ìhunṣọ Yamadori, ní Nishijin tiwa níbí, àdúgbò àwọn ahunṣọ. Ìgbà tó fi máa jáde kúrò níbẹ̀, ó ti pé àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò yí padà lọ́jọ́ kan. Wọn á gbé àwòrán ẹyẹ tàbí òdòdó fún un, á tún un yà sórí ìwé ńlá tí wọ́n ti fi ìlà pín sí ilé kéékèèké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, á sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun ilé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tó yẹ ẹ́. Ilé kan lórí ìwé, òwú kan lórí òfì nìyẹn. Ohun tó bá kùn ni ahunṣọ máa hun sára ọ̀já kìmónò, aṣọ ìbílẹ̀ wa. Bó bá ṣi ilé kan ṣoṣo kùn, ojú ẹyẹ ti fọ́ nìyẹn.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi àti ọkọ mi la ni ilé tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, tó wà ní ìkángun àdúgbò, ilé ìwẹ̀ gbogbogbò kan náà sì ni èmi àti Tsuyako ń lọ láti ìgbà tí a ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti jọ ń fọ ẹ̀yìn fún ara yín láti ogún ọdún, kí ló fẹ́ fi pa mọ́ fún yín? Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ èyí tó bá jáde, ó máa ń ta bí ata. Ahunṣọ ni ọkọ rẹ̀, Jinpachi. Jinpachi gbéra ga díẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé, òun náà sì mọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Wakana, ti lọ́kọ sí Nagoya.

Ní ọdún 1988, ilé Yamadori ra kọ̀ǹpútà. Bátánì tí Tsuyako ń fi oṣù méjì yà, ẹ̀rọ yẹn ń yà á láàárín ọjọ́ méjì. Obìnrin mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà. Baálé ilé iṣẹ́ tẹrí ba fún wọn, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ayé ló yí. Ó ní bí Tsuyako bá fẹ́, ó lè dúró kó máa lẹ bébà mọ́ páálí tí wọ́n ń kó ọ̀já sí. Tsuyako dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi aṣọ wé wọn, ó gba ilé lọ. Kò sunkún níbẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ló ti sunkún, níbi tí omi ti pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní fura.

Iṣẹ́ òfì náà ti ń dín kù nígbà yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni Jinpachi ń hun aṣọ lọ́sẹ̀, ọjọ́ tó kù á máa nu òfì rẹ̀ bí ẹni ń nu ẹṣin. Ó hàn pé wọ́n nílò iṣẹ́ mìíràn nínú ilé yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi bá àwọn ọmọ òkè sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ òkè tí mò ń wí yìí, àwọn márùn-ún kan ni wọ́n gba yàrá tó wà lórí ilé tófù wa. Kazami ni wọ́n pe ilé iṣẹ́ wọn. Géèmù ni wọ́n ń ṣe, fún ẹ̀rọ àfọwọ́mú kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1989, èyí tó ń lo bátìrì mẹ́rin, tí àwọn èèyàn ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀gá wọn, Murase Kōta, ò ju ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ, irun rẹ̀ sì rí bí ìtẹ́ ẹyẹ. Mo sọ fún un pé mo mọ obìnrin kan tó lè máa gbálẹ̀ kó sì máa po tíì fún wọn. Ó wo ilẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó gbà lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí Tsuyako dé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ayàwòrán wọn ti ṣí lọ sí Tokyo, Murase fúnra rẹ̀ ló ń gbìyànjú àtiyàwòrán. Ó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri. Tsuyako ń gbálẹ̀ bọ̀, ó rí ìwé náà, ìgbálẹ̀ sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé onílé kéékèèké ni.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Kí ni ẹ yà síbí?”

Murase ní, “Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni, Màmá. Òun ló ń pín lẹ́tà nínú géèmù wa.”

“Mo rò pé kẹ́tù tíì ni.”

Ọmọbìnrin tó ń kọ iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà wọn, Nishide Ayumi, rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kodò sórí tábìlì. Murase náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tọ́rọ̀ sú ni. Ó ṣàlàyé fún un pé ilé mẹ́rìndínlógún péré làwọn ní ní ìbú, mẹ́rìndínlógún ní òró, àwọ̀ ò sì ju mẹ́rin lọ: dúdú, ewéko tó ṣú, ewéko tó ṣá, àti ojú gíláàsì fúnra rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn ya kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ táyé máa mọ̀.

Tsuyako ní, “Mẹ́rìndínlógún? Pápá nìyẹn. Ilé méjìlá ni mo fi ya ológoṣẹ́ rí. Inú sì ń bí ológoṣẹ́ ọ̀hún.”

Ayumi ló fa àga fún un. Tsuyako gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó jókòó, ó béèrè fún pẹ́ńsù àti ohun ìpàwérẹ́. Ohun tó ya Ayumi lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún mi nígbà tó wá ra tófù lọ́jọ́ náà, ni pé ìyá náà ò kun nǹkan kan sí i. Pípa ló ń pa rẹ́. Ó pa ojú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ́. Ó pa imú rẹ́. Ó ní ohun tó kéré tó báyìí kò ní àyè ojú, bẹ́ ẹ bá fi ojú sí i, ojú náà ló máa gba gbogbo orí. Etí ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Bí etí bá dúró dáadáa tí ìrù sì sanra, ẹni tó bá ń wò ó á fi ọkàn ara rẹ̀ fi ojú sí i.

Ó ya àwòrán mẹ́rin: ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Bí ẹsẹ̀ bá gòkè, ìrù á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ayumi kọ wọ́n sínú ẹ̀rọ ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó so ẹ̀rọ àfọwọ́mú mọ́ ọn, ó gbé e fún Tsuyako, ó sì fi hàn án ibi tó máa fi àtàǹpàkò tẹ̀. Tsuyako tẹ̀ ẹ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà rìn, ìrù rẹ̀ ń mì lẹ́yìn, àpò lẹ́tà sì wà léjìká rẹ̀.

Ó mú un rìn dé ìpẹ̀kun gíláàsì, ó mú un rìn padà. Gbogbo ẹyẹ tó ti yà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ibi tó gbé wọn kalẹ̀ sí ni wọ́n wà. Èyí ń rìn.

Láti ọjọ́ yẹn, Murase ló ń po tíì ní Kazami. Tíì náà ò dáa rárá.

Jinpachi ò fara mọ́ ọn. Ní ilé ìwẹ̀, láti ẹ̀yìn ògiri tó pín ọkùnrin níyà sí obìnrin, gbogbo wa ń gbọ́ bó ṣe ń fi aya rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó ti ya ẹyẹ akọ̀ fún aṣọ àwọn ọlọ́lá, ó ti wá ń ya kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fún àwọn tí ń nu imú sápá. Tsuyako a máa gbọ́, a máa da omi sórí.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ohùn sókè kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri. Ó ní, “Bàbá Wakana, ṣe kí n sọ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kó gbé lẹ́tà wá fún yín? Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ránṣẹ́ aṣọ sí yín.” Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jinpachi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Jinpachi ò tún dá a láṣà níbẹ̀ mọ́.

Géèmù náà dùn bí ìtàn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń gbé lẹ́tà láti abúlé orí òkè, ó ń gba ìlú mẹ́jọ kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ dé etíkun kí yìnyín tó bo ọ̀nà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní òrùlé tirẹ̀, igi tirẹ̀, afárá tirẹ̀, Tsuyako ló sì ya gbogbo wọn. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbé géèmù náà jáde, Aogiri ti Osaka, rán ọkùnrin kan wá. Shibukawa lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin tútù ni, tó wọ kóòtù àwọ̀ eérú, tó sì máa ń fi áńkáṣíìfù nu ìka rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ó ta géèmù náà bí ẹni ń ta ayò fún wákàtí kan, ó sì gbé e sílẹ̀.

Ó ní àwòrán wọ̀nyí rẹwà, ṣùgbọ́n wọ́n ti pọ̀ jù. Ègé àwòrán kéékèèké ni wọ́n máa ń tò pọ̀ di ìlú, ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilé mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òró. Irinwó ègé ó lé méjìlá ni Tsuyako ti yà. Igba péré ni kásẹ́ẹ̀tì, páálí ike kékeré tí wọ́n ń fi géèmù sínú rẹ̀, lè gbà, Aogiri ò sì ní ra kásẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ilé iṣẹ́ ẹlẹ́ni-márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó ní kí wọ́n yọ ìlú mẹ́ta àti òkun.

Murase ti ń mi orí sókè sódò bí ẹni tó ti gbà. Tsuyako ló sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà. Bó bá pín lẹ́tà títí tí kò wá dé òkun, kí ló wá ń rìn fún?”

Shibukawa yí ojú sí i. Ó ṣeé ṣe kó ti rò pé ìyá tó ń po tíì ni. Ó ní bí wọ́n bá lè mú un wá sí igba ègé kí oṣù kẹwàá tó parí, òun ò ní fọwọ́ kan ìlú kankan. Ó tẹrí ba, ó sì lọ bá ọkọ̀ ojú irin rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Tsuyako sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi nínú ilé tófù. Ó ti tẹ gbogbo irinwó ègé náà sórí bébà, ó sì ti fi sísọ́ọ̀sì gé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní yàrá ẹ̀yìn. Ó tò wọ́n sórí ẹní láti ògiri dé ògiri, ó sì ní kí n máa wò wọ́n kí n máa sọ ohun tí mo rí.

Ó mú ọ̀kan sókè. Mo ní òkè ni. Ó ní òrùlé ni. Ó mú òmíràn. Mo ní òrùlé. Ó ní ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ni.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé ojú mi ti ń ṣú.

Ó ní, “Ojú rẹ dára. Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Bí ìwọ ò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, a jẹ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.” Ó kó méjì nínú wọn, ó jù wọ́n sínú àpótí ẹ̀wà sóyà mi.

Ọjọ́ méjìlá la fi ṣe é. Tí mo bá ti ta tófù òwúrọ̀ tán, màá nu ọwọ́, màá lọ jókòó tì í. Ẹ̀gbẹ́ òkè di òrùlé, òrùlé di ìgbòkun. Ìgbì omi di koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ó máa ń tún ègé tó kù yà kó lè bá iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta mu, ilé kan níbí, ilé kan lọ́hùn-ún. Ó ní nínú bátánì ọ̀já, ẹni tó bá ya ewé igba fún igi kan kò mọ iṣẹ́, ewé mẹ́ta ló yẹ kó yà, kó sì mọ bó ṣe máa tò wọ́n. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a ti bọ́ sí igba ó lé mọ́kànlá. Ibẹ̀ ló há sí. Òkun ló ń dà á láàmú. Bó ti wù kó to ègé ìgbì pọ̀, ojú ìsopọ̀ ń hàn bí àpá lára aṣọ, kó sì tó lè bo ojú ìsopọ̀ náà, ó ní láti fi ègé mìíràn sí i.

Jinpachi gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un lọ́jọ́ náà, ìrẹsì dídì àti ẹ̀fọ́ oníyọ̀. Ó ṣe bí ẹni pé èmi ni mo pè é. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo bébà tó wà nílẹ̀, kò sì lọ. Ojú ahunṣọ ò lè rí ọnà kó má wò ó. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, “Kí ló dé tó o tò wọ́n ní ìlà tààrà?”

Tsuyako ò gbójú sókè. Ó ní, “Báwo ni kí n ṣe tò wọ́n?”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka méjì ti ìlà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdajì ègé péré, ó sì tún ti ìkẹrin bẹ́ẹ̀. Àpá náà parẹ́. Òkun dúró sórí ẹní mi, ó ń ru wéréwéré, ègé mẹ́rin péré ló sì gbà. Jinpachi dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀.

Ó ní, “Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn ẹ̀ o.” Ó jáde. Ó gbàgbé bàtà rẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, ó tún padà wá mú un.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ègé ọgọ́sàn-án ó lé méje ló kù. Ìlú mẹ́jọ pé. Òkun wà níbẹ̀. Nínú àyè mẹ́tàlá tó ṣẹ́ kù, Tsuyako ya yìnyín tó ń já bọ́.

Shibukawa padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà. Ó ka àwọn ègé náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó ní òun á máa ta á lọ nínú ọkọ̀ ojú irin, òun á sì pè wọ́n bí òun bá dé ọ́fíìsì. Ó lọ ní aago méjì ọ̀sán. Títí di aago mẹ́rin, kò sí fóònù. Àwọn ọmọ òkè ò ṣe iṣẹ́ kankan, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí wa tó ń lọ tó ń bọ̀. Aago márùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí fóònù tó dún. Wọ́n ní Shibukawa ń bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù. Ibùdókọ̀ kan ló ti ń pè, níbi tí òun náà ò dé rí. Ó ti ta géèmù náà kọjá Osaka, níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti kọjá Kobe, ó sì ti dé Himeji kó tó gbójú sókè. Ó béèrè lọ́wọ́ Murase bí ọ̀nà abẹ́ yìnyín ṣe ń jáde ní ìlú keje.

Ó ku ohun kan. Bí èèyàn bá parí géèmù, orúkọ àwọn tó ṣe é á máa gòkè lójú gíláàsì. Àṣà Aogiri nígbà náà ni pé ìnagijẹ ni kí wọ́n fi síbẹ̀, kí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn má bàa wá fa òṣìṣẹ́ wọn lọ. Murase sọ ara rẹ̀ ní Ìtẹ́ Ẹyẹ. Ayumi di Ata Gígún. Wọ́n kọ Ìyá Tíì sí iwájú iṣẹ́ àwòrán, wọ́n rò pé ó máa pa Tsuyako lẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ló gbé tófù gòkè lọ fún wọn lọ́sàn-án yẹn, mo wà níbẹ̀.

Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, “Murase, jókòó kí n bá ọ sọ̀rọ̀.” Ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè é ní orúkọ láìfi ọ̀gá sí i nìyẹn. “Ọ̀já tí mo ya bátánì wọn tó igba. Àwọn kan ti lọ sí ìgbéyàwó tí mi ò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orúkọ Yamadori ló wà lára gbogbo wọn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí mi ò mọ̀ pé èèyàn lè torí ẹ̀ jà. Mo mọ̀ báyìí. Kọ Obata Tsuyako síbẹ̀. Bí ò bá ṣeé ṣe, dá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mi padà fún mi.”

Ayumi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní àwọn àmì ìkọ̀wé tí wọ́n máa fi kọ ọ́ ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, kò ní gba àyè kankan. Murase gbé fóònù, ó pe Osaka. A ń gbọ́ ohùn Shibukawa tó ń dún wínniwínni, a ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tí Murase gbé fóònù sílẹ̀, ó ní Shibukawa sọ pé ẹni tó mú òun dé Himeji láìròtẹ́lẹ̀, ó yẹ kí òun mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn pa ìnagijẹ wọn rẹ́, wọ́n kọ orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Onílẹ́tà jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1990. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ilé ìtajà tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ tiwa gba ogójì, wọ́n tà á tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Wọ́n tún gba ogójì mìíràn, ìyẹn náà ò rí ọjọ́ Àìkú. Ìwé ìròyìn géèmù kan ní kí àwọn òǹkàwé dìbò fún géèmù àfọwọ́mú tí àwòrán rẹ̀ rẹwà jù lọ lákòókò náà. Tiwa ló ṣe ìkíní, lórí àwọn géèmù tí ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn ṣe. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọmọbìnrin kan kọ̀wé láti Aomori, ó béèrè bóyá òkun abúlé àwọn ni wọ́n yà, nítorí pé ìgbì ibẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ìgbà òtútù. Tsuyako, tí kò kọjá adágún Biwa tó wà nítòsí wa rí láyé rẹ̀, fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Jinpachi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó lọ ra ẹ̀rọ náà àti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wọ́n sí abẹ́ òfì. Ẹnì kan ló ti sọ fún un pé orúkọ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, pé ẹni tó bá dé òkun nìkan ló lè rí i. Ìka tó ti ń ju ọkọ̀ òfì láti ogójì ọdún, ó wá ń bá bọ́tìnnì kékeré jà. Orí bẹ́ńṣì iwájú ilé tófù wa ló ti ń ta á, òun àti ọkọ mi. Ọkọ mi á ní kó gba ọ̀tún, òun á ní òun mọ̀, á gba òsì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á já sí odò.

Ọkọ mi á ní, “Ẹ̀yin lẹ hun ọ̀já fún ọlọ́lá, ẹ ò lè sọdá afárá?”

Jinpachi á dáhùn pé, “Ẹ lọ po ẹ̀wà yín.”

Ìlú keje dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló fi dé òkun, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ilé ló wà lọ́jọ́ náà, Tsuyako ń gé rádíìṣì nídìí iná. Jinpachi pè é. Tsuyako sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé nǹkan kan ló ṣe é, nítorí pé kò tíì pe òun bẹ́ẹ̀ rí, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó wá tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́. Jinpachi jókòó lórí ẹní, ó nawọ́ ẹ̀rọ náà sí i kí ó lè rí i. Yìnyín ń já bọ́ sórí òkun, orúkọ sì ń gòkè láti ìsàlẹ̀. Orúkọ Murase kọjá. Orúkọ Ayumi kọjá. Lẹ́yìn náà ló kan tirẹ̀, òun nìkan ṣoṣo lójú gíláàsì, ó gòkè, ó sì lọ.

Jinpachi ní, “Ó yára kọjá jù.”

Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún tàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti abúlé orí òkè. Tsuyako padà sídìí rádíìṣì rẹ̀. Ó ní gbogbo ègé tó gé lọ́sàn-án yẹn ló wọ́.

Aogiri béèrè fún géèmù kejì kí ọdún náà tó parí. Tsuyako ní òun á ṣe é bí wọ́n bá jẹ́ kí òun mú èèyàn wá. Ó wá Kumagai, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ilé sinimá, ó sì wá Tsujimoto, tó ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn méjèèjì ti bá a jókòó ní yàrá Yamadori rí. Kò gbà wọ́n ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láti mọ bí wọ́n ṣe ń ya ohun tó ń rìn. Géèmù mẹ́rìnlá ló jáde láti orí ilé tófù wa láàárín ọdún mẹ́jọ, àwọn tó mọ nǹkan nípa géèmù sì máa ń mọ èyí tó jẹ́ tiwọn kí wọ́n tó ka orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kàwé ayàwòrán láti yunifásítì ń ti Tokyo wá, wọ́n ń jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn ìyá mẹ́ta yìí, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń pa nǹkan rẹ́.

Ní ọdún 1998, ẹ̀rọ àfọwọ́mú tuntun dé, èyí tó ní àwọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Murase, tí irun rẹ̀ ti ń lọ nígbà náà, gbé e wọlé. Ó ń ṣàníyàn. Ó ní Màmá, ẹ̀rù ń ba òun, gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ. Èyí ní ẹgbàá mẹ́rìndínlógún àwọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mú bí àádọ́ta péré lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní báwo lèèyàn ṣe ń yan àádọ́ta nínú èyí?

Kumagai wo Tsujimoto. Tsujimoto wo Tsuyako. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọn ò sì lè dáwọ́ dúró.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, Tsuyako ní, “Ọmọ mi, inú yàrá òwú ṣẹ́dà la ti dàgbà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń yan ogójì nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá wa nílé.”

Ó ní kí Kumagai ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa. Ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó fa àga súnmọ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàn. Pupa ló kọ́kọ́ mú.